Ọ́ìlì Dúdú Lára Igi Ọ̀mọ̀

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n dúpẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni, báàgì mi ṣì wà léjìká, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti lò ní Ìbàdàn, àwọn ará ilé wa sì tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìyàwó tuntun. Ìyá tó dàgbà jù nínú ilé ló ké jù: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbà ọ́ lọ́wọ́ ikán o! Kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́!" Mo bi wọ́n pé ikán wo. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ páànù tí mo to àwọn pákó mi sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Gbogbo pákó mi ti dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n ń rùn bí abẹ́ mọ́tò. Wọ́n ti fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán, kùn wọ́n látòkè délẹ̀.

Mi ò kúnlẹ̀. Mi ò sì dúpẹ́. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ikán, torí pé ikán ì bá jẹ ẹ́ ku ẹyọ méjì mẹ́ta fún mi. Mo tún búra níṣojú gbogbo wọn pé títí ayé mi, èmi ò ní dúpẹ́ ọ́ìlì yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà yẹn káwọ́ lérí, wọ́n ní, "Háà! Obìnrin yìí!"

Kí ẹ̀yin náà tó ní obìnrin yìí le jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn pákó yẹn jẹ́ sí mi.

Jìtá ni mo ń ṣe. Mi ò sọ pé mò ń tà á, mi ò sì sọ pé mò ń ta okùn rẹ̀ lóde ìnáwó. Mo ní mò ń ṣe é, látinú igi, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, níbí nínú Ìwó. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi, wọ́n á wo ìbòrí mi, wọ́n á wá bi mí pé ta ni ọ̀gá mi. Bàbá mi ni ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ Bàbá ò fọwọ́ kan jìtá rí láyé wọn nígbà náà. Wàláà ni wọ́n ń gbẹ́, pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ilé kéú ń fi tàdáwà kọ Àlùkùránì sí, tí wọ́n á fọ̀ ọ́ nù, tí wọ́n á tún kọ òmíràn sí i. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá kéú tí kò gbé wàláà bàbá mi lé itan rí, ibòmíràn ló ti kéú. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sá fún igi, oko ni wọ́n yàn, lọ́nà Kuta. Èmi obìnrin ni mo jókòó sínú èérún igi lẹ́bàá Bàbá láti kékeré, tí mo ń gba ìfági lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ní ọ̀nà tiwọn láti mọ igi tó dáa. Wọ́n á gbé pákó, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ní ìsàlẹ̀ etí gan-an, wọ́n á wá fi ìka kàn án lára: kó, kó. Wọ́n ní etí lè tanni jẹ, pàápàá tí ogójì ọmọ bá ń ké kéú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n egungun kì í tanni. Pákó tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á kú síbi tí o ti kàn án. Èyí tó bá dáa, ohùn rẹ̀ á gba inú egungun wọ orí rẹ lọ. Tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń sọ: "Ó ti gbẹ." Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á gbé e padà sórí àjà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ wàláà kí wọ́n tó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni gba ìwé ẹ̀rí.

Ọkùnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé jìtá tó fọ́ wá fún mi pé kí n bá òun fi gúlùù lẹ̀ ẹ́. Mo ṣí i, mo wo inú rẹ̀. Àyà jìtá náà, níbi tí ohùn ti ń jáde, pákó tín-ín-rín lásán ni, wàláà tó rù ni. Mo ní, "Èyí náà kọ́?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n kàn sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ohun tí wọ́n fi ń jó," láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé jìtá kọjá níwájú wọn, wọ́n á dojú kọ tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn. Ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi kọjá níwájú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, tí kò sì wò ó. Ó dùn mí. Àwọn ará Èkó tí wọ́n ń gbọ́ "Ìwó" tí wọ́n ń bi mí pé ṣé pákó àpótí ẹja ni mo fi ṣe é, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Igi ọ̀mọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé kéú tó wà lágbo ilé wa. Ó ti tó ilé alájà kan kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀ka rẹ̀ ni Bàbá ń gé fún wàláà láti ìgbà èwe wọn, wọn kì í gé ju èyí tí wọ́n nílò lọ. Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Ó ti apá Odò Ọbà wá, ó ṣí páànù ilé mẹ́rin, ó sì hú igi ọ̀mọ̀ náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó tẹ́ ẹ gbalaja sí àárín àgbàlá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ti kírun Àsárì tán, wọ́n ti lọ sílé.

Òjò náà ò tíì dá tí oníbúrẹ́dì àdúgbò wa, tó ń fi igi dáná ààrò rẹ̀, fi dé. Ẹ̀yin ẹ wò ó! Ilé tí páànù rẹ̀ ṣí, onílé ń kó ẹrù sí ìta, oníbúrẹ́dì ti gbé pikọ́ọ̀pù wá, ó mú agégi kan lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ìgégi, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn igi náà. Ó ní, "Igi ìdáná gidi lèyí. Yóò tó mi títí di ọdún tó ń bọ̀." Igi tó ti ń gbọ́ Àlùkùránì kí wọ́n tó bí i! Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Agégi ti fa okùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti ń hó. Mo gun orí igi náà nínú òjò, mo jókòó, mo ká aṣọ mọ́ra, mo ní kí ó gé èmi àti igi pọ̀.

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Bàbá ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Etí wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nígbà yẹn. Ẹ ní láti pariwo díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́, ohùn tiwọn náà sì ti ń ròkè sí i. Wọ́n ní, "Igi tó bá wó sí ilé kéú, ti kéú ni. Ẹ yọ ti wàláà níbẹ̀. Ìyókù, ẹ fún ọmọ mi." Oníbúrẹ́dì fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ etí ikún sí i. Ọ̀rọ̀ parí.

Wọ́n wá fi ọwọ́ pè mí sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá mi, etí mi ń lọ. Ṣe ọ̀kan nínú igi yìí, kí n gbọ́ ọ kí ó tó lọ tán." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Bàbá, jìtá?" Wọ́n ní, "Kí ni o tún ń ṣe? Igi yìí gbọ́ kéú ju èmi lọ. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde, mi ò rò pé ó lè burú." Lọ́jọ́ náà, ará ilé tó bá rí mi rò pé òjò ló wà lójú mi.

Ẹ ti wá rí i báyìí. Kì í ṣe pákó lásán.

Èmi àti agégi ló tún kù. Ó fẹ́ gé e bí ó ṣe ń gé gbogbo igi, pẹrẹsẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo ní kò ní gbà. Àyà jìtá gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n là láti inú igi wá sí ara rẹ̀, bí ẹni la ọsàn sí wẹ́wẹ́, kí ìlà inú rẹ̀ lè nàró gbọnrangandan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á lọ́, á sì fọ́ tí a bá fa okùn lé e. Ó ní, "Ìyá Oníjìtá, igi ni igi ń jẹ́." Mo ní, "Bí igi bá ń jẹ́ igi, èéṣe tí o kì í fi gbòǹgbò ṣe ilẹ̀kùn?" Nígbà tí ó ti rí i pé mi ò ní kúrò lọ́rùn òun, ó là á bí mo ṣe wí, pákó tó nípọn tó ìka mẹ́ta, ó sì ń kùn lọ títí. Mo yọ́ àbẹ́là sí orí àti ìdí pákó kọ̀ọ̀kan, níbi tí a ti gé e, kí omi má bàa tibẹ̀ sá jáde kíákíá, kó wá sán. Mo tò wọ́n sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè rọ́nà. Mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sá aṣọ lé e, ẹ má so ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbé ọ̀kan, màá fi ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, màá kàn án. Kó. Ohùn náà á kú. Òjò ọdún kan lọ, ọyẹ́ dé, ó lọ. Òjò kejì bẹ̀rẹ̀. Igi ò gbọdọ̀ kánjú, bẹ́ẹ̀ etí bàbá mi ń kánjú. Nígbà Iléyá àkọ́kọ́, mo ní láti lọ sí ẹ̀bá etí wọn kí n tó lè kí wọn. Nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, ẹnu wa ni wọ́n ń wò. Inú mi ń bí sí igi náà, inú mi ń bí sí etí náà, kò sì sí èyí tí mo lè nà nínú méjèèjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò mi sí Ìbàdàn, níbi tí mo ti lọ fi jìtá méjì jíṣẹ́ tí mo sì ra okùn, mo kan pákó kan, ohùn rẹ̀ sì wọ inú orí mi lọ tíntín. Ó ku díẹ̀. Bí mo bá dé, màá bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe gun mọ́tò lọ nìyẹn, tí inú mi ń dùn.

Ohun tí mo bá nílé lẹ ti gbọ́ yẹn. Ọ́ìlì!

Gúlùù kì í mú igi tó bá ti mu epo. Ohùn kì í jáde nínú igi tó bá ti mu epo. Gbogbo ẹni tó ń kan òrùlé ní Ìwó ló ń fi ọ́ìlì dúdú kun igi àjà kí ikán má jẹ ẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, òrùlé ò kọrin. Ṣùgbọ́n igi jìtá! Mo bèèrè pé ta ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àpótí. Ọ̀kan wà lára pákó náà tí ikán ti mọ ọ̀nà ẹrẹ̀ wọn sí lẹ́sẹ̀, wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní, "Èmi ni. Mo rí ikán, mo rò pé mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mi ò lè bú wọn. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo iṣu, mo dojú kọ ọ́. Mo ní, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́? Orí rẹ pé ṣá? O ò mọ igi, o ò mọ ìwé, oko nìkan ni wọ́n ní kí o máa jẹ̀ sí, kí lo wá ṣe nílé? Olórí kunkun! Aláìmọ̀kan! Afọwọ́-kan-ohun-tí-wọ́n-ní-kó-má-fọwọ́-kàn!" Mo bú ewúrẹ́ náà títí ohùn fi há mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ ṣáà ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀.

Mi ò lè sọ fún Bàbá. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́, mo ní láti pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́, wọn ò sì ní gbọ́ náà. Wọ́n jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n tẹ́ awọ àgbò sí. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka ta okùn nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń bi mí pé ìgbà wo? Mo wọlé lọ, mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe oníbúrẹ́dì. Mo ní kí ó wá kó o, gbogbo rẹ̀, kí n má rí ọ̀kan mọ́. Àwọn ará ilé ní kí n ṣe sùúrù, wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni. Mo ní kí wọ́n fi òwe wọn sápò. Oníbúrẹ́dì kó o lọ tayọ̀tayọ̀. Mo gbọ́ pé gbogbo búrẹ́dì rẹ̀ ló ń rùn bí gáréèjì lọ́sẹ̀ náà, àwọn èèyàn ń dá a padà. Ìyẹn nìkan ló múnú mi dùn nínú oṣù yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ gidi. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, "Ẹ káàárọ̀, ẹ kúuṣẹ́," ó parí. Nígbà tí wọ́n pa àgbò Iléyá, wọ́n fi itan ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo dá a padà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyàwó wọn sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹran náà, wọ́n gbé e wọlé. Mo ń wí lọ́kàn mi pé ẹni tó jẹ̀bi kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mọ́ṣíìnì tí mo ń gùn ló daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan níbi tí a ti ń jáde nílùú. Bí ó ṣe ń tú u, ó ní, "Ìyá Oníjìtá, ọ́ìlì tí Bàbá gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Bàbá wo?"

Ó ní, "Bàbá yín. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, pẹ̀lú ọ̀pá, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Wọ́n ní ikán fẹ́ jẹ igi ọmọ àwọn, ọmọ ò sì sí nílé. Mo ní kí n fi mọ́ṣíìnì gbé wọn lọ, wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lérí, wọ́n lọ."

Mo jókòó sórí táyà. Ó ń bi mí pé ṣé ó rẹ̀ mí ni. Ọ̀nà yẹn jìn sí ilé wa. Bàbá mi tó jẹ́ pé àtilọ sí mọ́sálásí Jímọ̀ gan-an, ìsinmi méjì ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ó tún mọ́ṣíìnì náà ṣe tán, mi ò lọ sílé. Oko ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà Kuta ni mo gbà lọ. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀gẹ́. Mi ò tiẹ̀ kúnlẹ̀ tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n máa bú yín bí ọmọ burúkú! Ẹ jẹ́ kí n dá ẹran yín padà!"

Wọ́n fi ọkọ́ ti ara. Wọ́n ní, "Mo ti oko dé, mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé. Ọ́ìlì ti dé ìgúnpá wọn, ó ti ba jalámíà wọn jẹ́. Wọ́n ti fọwọ́ kun gbogbo rẹ̀ tán. Inú wọn ń dùn, wọ́n ń wí pé ọmọ àwọn á bá igi rẹ̀ láyè. Èmi ni mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Àwọn ará ilé bá mi pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́, wọ́n rò pé èmi ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o dé, mo rí ìbínú lójú rẹ. Mo rò ó pé tí o bá mọ̀ pé Bàbá ni, wàá ṣì bínú, o ò sì ní rí ewúrẹ́ bú. Ojú rẹ ni Bàbá ń wò láti fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n á rí i."

Ẹ gbọ́, inú tún bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ta ló ní kí wọ́n bá mi ru ẹrù mi? Mo ní, "Ẹ ò bá sọ ọ́ kí n tó pe oníbúrẹ́dì! Gbogbo igi náà ló ti jó!"

Wọ́n ní, "O ò bá mi sọ̀rọ̀, báwo ni màá ṣe sọ fún ọ? Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá ti ní kí n gbé èyí tó nípọn jù síwájú ilẹ̀kùn àwọn, pé àwọn á máa ṣọ́ ọ fún ọ. Wọ́n ń jókòó lé e lórí."

Bẹ́ńṣì! Bẹ́ńṣì tí wọ́n tẹ́ awọ àgbò sí, tí èmi fúnra mi ti jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìmọye ìgbà láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, tí mò ń fa ojú ro lórí rẹ̀.

Mo fi pákó mìíràn rọ́pò rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù nígbà tí Bàbá lọ kírun, mo tẹ́ awọ padà. Mo gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ìfági lé e. Èérún àkọ́kọ́ dúdú. Ìkejì dúdú. Mo ń fá, mo ń ṣépè. Nígbà tó yá, èérún bẹ̀rẹ̀ sí í pupa díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́. Ọ́ìlì náà ò wọlé tó ìdajì ìka. Àbẹ́là tí mo yọ́ sí orí àti ìdí pákó ti dí i lọ́nà níbi tí igi ti ń mu nǹkan jù, inú igi mọ́ tónítóní bí ìgbà tí a là á. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá, èmi tí mo mọ̀ pé àyà jìtá ò nípọn ju èékánná lọ, mi ò fi ìfági kan pákó kan ṣoṣo kí n tó pe oníbúrẹ́dì. Jìtá mélòó ló jó nínú ààrò yẹn? Mo jókòó sínú èérún igi, mo bú ara mi, kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀.

Mo la pákó náà sí méjì, mo ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, mo so ẹ̀gbẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mi ò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ní gbogbo àkókò yẹn. Síbẹ̀, etí ò dúró dè mí. Kí n tó fa okùn lé e, wọ́n pe ìrun láti orí mọ́sálásí kékeré tó fara ti ògiri wa, gbohùngbohùn ń dún tí fèrèsé ń gbọ̀n, Bàbá jókòó, wọn ò mira, títí ẹ̀gbọ́n mi fi lọ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Ó ti lọ tán. Mo fi òòlù sọ ilẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣe ìjà, etí wọn ni mo fi ṣe é.

Mo gbé e lọ bá wọn náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé jìtá náà lé itan wọn, mo fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí igi ọ̀mọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Wọn ò wo tẹ̀sùbáà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa àyà jìtá lára, wọ́n gbé e yẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n fi ìka kàn án: kó, kó.

Ojú wọn yí padà. Wọ́n wò mí. Mo na ọwọ́, mo ta okùn tó nípọn jù. Wọ́n pa ojú dé. Mo ta èkejì, mo ta ìkẹta. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, wọ́n fa ọwọ́ mi padà sórí okùn pé kí n má dáwọ́ dúró. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ó ti gbẹ."

Kí n tó lè sunkún, ẹ̀rín ti gba ẹnu wọn. Wọ́n fọwọ́ lu àyà jìtá, wọ́n sọ ọ́ sókè bí àwọn tí etí wọn ti lọ ṣe ń sọ̀rọ̀, gbogbo agbo ilé gbọ́: "Ọ́ìlì yẹn ló gbà á! Èmi ni mo lọ gbé e wá! Bí kì í bá ṣe ọ́ìlì yẹn, ikán ì bá ti jẹ ẹ́ tán!"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ìyá àgbà ilé wa yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo ohun tí mo ti ní lọ́kàn láti sọ nípa ọ́ìlì, láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀ dé ẹnu mi. Bàbá ń wo ojú mi. Mo tẹ iwájú orí mi dé ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun fún ọ́ìlì." Wọn ò gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí mi nílẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kí Ọlọ́run máa bá mi lé ohun tó ń jẹ nǹkan ẹni jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe àmín.